Ẹ Bèèrè Kí Ẹ Tó Dùbúlẹ̀ Fún Iṣẹ́ Abẹ

Ọ̀rọ̀ obìnrin ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé kí ni tíṣà ọkùnrin ń wá nínú ọ̀rọ̀ ilé ọmọ. Ẹ má bínú sí mi. Inú ilé ọmọ ni gbogbo wa ti wá, àti pé ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Obìnrin kan wà ní àdúgbò wa, nítòsí Navy Town ní Òjó, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìyá Aláṣọ. Ańkárá àti léèsì ni ó ń tà ní Ìyánà-Ìbà. Ó jẹ́ ẹni ọdún 58, nǹkan oṣù rẹ̀ sì ti dá láti bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ní ọjọ́ kan ó wá bá ìyàwó mi, ó ní ẹ̀jẹ̀ tún ń yọ lára òun. Inú rẹ̀ kò bàjẹ́ rárá. Àní ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní bóyá òun tún fẹ́ padà di ọmọge. Ìyàwó mi pè mí sí ọ̀rọ̀ náà. Èmi tí mo gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ni, tí mo máa ń nà ọmọ tí ó bá dáhùn ìbéèrè láìronú, ohun tí mo sọ ni pé, "Ìyá, ìju lásán ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín yọ ọ́ kúrò." Mo sọ ọ́ bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. N kò mọ nǹkan kan.

Ìyá Aláṣọ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ó lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀, wọ́n rí kókó, àwọn náà ní ìju ni. Wọ́n ní àwọn kò ní la ikùn rẹ̀: ihò kéékèèké mẹ́rin péré ni àwọn yóò lu, àwọn yóò gé ilé ọmọ náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nínú ikùn, àwọn yóò sì fà á jáde. Ọjọ́ méjì, ó ti padà sílé. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti jókòó ní ìsọ̀. Èwo nínú ẹ̀yin oníṣòwò ni ìyẹn kò ní wù? Ẹni tí ó bá ti ìsọ̀ pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ó tó ṣí i padà, oníbàárà rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Ó san owó àsansílẹ̀, ó wá gbé ìwé tí wọ́n ní kí ó fọwọ́ sí wá sọ́dọ̀ mi pé kí n kà á fún òun.

Orí Ìyá Aláṣọ kò gbàbọ̀dè. Bí mo ti ń ka ìwé náà lọ́wọ́ ni ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ ní ìwé kẹfà, tí ó ti di nọ́ọ̀sì báyìí, yà wá kí wa. Ó dúró, ó tẹ́tí. Ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Ìyá, ó ní, "Mà, ṣé wọ́n ti mú díẹ̀ nínú ara ilé ọmọ yín lọ sí yàrá àyẹ̀wò?" Ìyá ní rárá. Ọmọ náà kọjú sí mi, ó ní, "Sà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé yìí o."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí mo sì ń bi àwọn tí ó mọ̀ léèrè. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ kó fún yín.

Kí nǹkan oṣù obìnrin ti dá fún ọdún kan gbáko, kí ẹ̀jẹ̀ tún wá máa yọ, kì í ṣe ọmọge ni ó ń padà dà o. Nínú obìnrin mẹ́wàá tí àrùn jẹjẹrẹ mú nínú ilé ọmọ, bí mẹ́sàn-án ni ó rí ẹ̀jẹ̀ tí kò yẹ kí ó rí. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti jẹjẹrẹ. Nínú obìnrin mẹ́wàá tí ó bá rí i lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá, bí ẹyọ kan ni àrùn náà máa ń wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè fi ojú lásán mọ ẹyọ kan náà? Ìju fúnra rẹ̀, tí ó wọ́pọ̀ lára àwa ènìyàn dúdú ju àwọn mìíràn lọ, ńṣe ni ó yẹ kí ó máa súnkì bí nǹkan oṣù bá ti dá. Èyí tí ó bá ń tóbi sí i lẹ́yìn ìgbà náà, ìfura ni a fi ń wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé iṣẹ́ abẹ oníhò náà fún ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Wọn yóò fún aláìsàn ní oògùn oorun. Wọn yóò lu ihò kékeré kan sí ìdodo rẹ̀, wọn yóò fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ikùn kí ó lè wú, kí àyè lè gbà wọ́n. Afẹ́fẹ́ náà ni irú èyí tí ń hó nínú ìgò mínírà. Wọn yóò ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní iná àti kámẹ́rà wọlé, gbogbo ohun tí ó bá rí yóò sì máa hàn lójú ẹ̀rọ bíi tẹlifíṣọ̀n. Láti ojú ihò yòókù ni irin gígùn gígùn yóò ti wọlé: ọ̀kan ń di nǹkan mú, ọ̀kan ń gé, ọ̀kan ń fi iná mànàmáná jó ojú iṣan kí ẹ̀jẹ̀ má baà máa ṣàn. Dókítà Harry Reich ni ó kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí yọ ilé ọmọ, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ní 1988.

N kò wá bá iṣẹ́ náà jà. Ọgbẹ́ rẹ̀ kéré, ìrora rẹ̀ kéré, aláìsàn sì ń tètè dìde. Wọ́n tilẹ̀ ti fi jẹjẹrẹ inú ilé ọmọ dán an wò. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n pín obìnrin tí ó lé ní 2,600 sí ọ̀nà méjì, wọ́n la ikùn àwọn kan, wọ́n sì lu ihò fún àwọn tí ó kù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àrùn náà ti padà sí ara bí 11 nínú 100 àwọn oníhò, àti bí 10 nínú 100 àwọn tí a la ikùn wọn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò tó nǹkan. Òmíràn tí wọ́n ṣe ní Australia, New Zealand àti Hong Kong, tí obìnrin 760 wà nínú rẹ̀, jáde ní 2017: lẹ́yìn ọdún mẹ́rin àbọ̀, bí 81 nínú 100 ni ó ṣì wà láìsí pé àrùn padà, ì báà jẹ́ ihò ni a lu, ì báà jẹ́ ikùn ni a là. Nítorí náà kì í ṣe ihò ni ẹjọ́ wà. Ohun tí a ti ojú ihò wọlé, àti bí ilé ọmọ náà yóò ṣe jáde, ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà.

Ẹ fi ojú inú wo akèrègbè tí ẹnu rẹ̀ tóóró, tí odidi iṣu kan sì wà nínú rẹ̀. (Ẹ má bi mí bí iṣu ṣe dé ibẹ̀.) Báwo ni a ó ṣe mú un jáde láìfọ́ akèrègbè? Fún obìnrin, Ọlọ́run ti la ọ̀nà kan sílẹ̀, èyí tí ọmọ ń gbà wá sáyé. Bí ilé ọmọ kò bá tóbi jù, ọ̀nà náà ni dókítà yóò gbà fà á jáde ní odidi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ihò ni ó ti gé e kúrò ní ìdí. Bí ó bá tóbi jù, ó di pé kí a la ikùn, tàbí kí a kọ́kọ́ gé iṣu náà sí wẹ́wẹ́ nínú akèrègbè.

Fún gígé yìí ni wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní morcellator, tí ìjọba Amẹ́ríkà gbà láyè fún iṣẹ́ àìsàn obìnrin ní 1995. Ọ̀pá oníhò ni, abẹ wà yí ẹnu rẹ̀ ká, mọ́tò sì ni ń yí abẹ náà. Bí ó ti ń yí ni ó ń bó ẹran náà ní ọ̀já ọ̀já, bí ẹni ń bó ọsàn, èérún rẹ̀ sì ń ta káàkiri inú ikùn. Bí ó bá jẹ́ ìju ni, ewu ibẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí jẹjẹrẹ bá fara pamọ́ sínú ìju náà ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ti fọ́n irúgbìn tẹ̀tẹ̀ rí, ẹ mọ bí ó ṣe ń hù níbi gbogbo tí ó bá bọ́ sí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Dókítà Amy Reed nìyẹn. Dókítà ni òun fúnra rẹ̀, iṣẹ́ fífún aláìsàn ní oògùn oorun ni ó ń ṣe ní ìlú Boston, ìyá ọmọ mẹ́fà sì ni. Ní oṣù kẹwàá 2013, wọ́n fi ẹ̀rọ yìí gé ilé ọmọ rẹ̀ pé ìju ni ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹran náà wò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ búburú kan ni, wọ́n sì ti fi ọwọ́ ara wọn fọ́n ọn ká. Òun àti ọkọ rẹ̀, Dókítà Hooman Noorchashm, kò dákẹ́. Wọ́n kọ ìwé, wọ́n sọ̀rọ̀ níbi gbogbo, wọ́n bá àwọn aṣòfin àti ilé iṣẹ́ ìròyìn wí. Obìnrin náà kú ní oṣù karùn-ún 2017, ní ẹni ọdún 44.

Ariwo wọn kò lọ lásán. Ní oṣù kẹrin 2014, àjọ FDA, tí ń ṣe ní Amẹ́ríkà irú iṣẹ́ tí NAFDAC ń ṣe níhìn-ín, ṣe ìkìlọ̀ pé nínú àwọn obìnrin tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún nítorí ìju, bí 1 nínú 350 ni jẹjẹrẹ irú èyí fara pamọ́ sí lára láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ní oṣù keje ọdún kan náà, ilé iṣẹ́ Johnson & Johnson ní kí àwọn tí ó ra ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ òun dá a padà. Ní oṣù kọkànlá, FDA fi ìkìlọ̀ líle sí i lára: ẹ má fi gé ẹni tí a fura sí pé ó ní jẹjẹrẹ, ẹ má fi gé ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá tàbí tí ó ń dá lọ. Ẹ ka ti ìkẹyìn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì rántí ọjọ́ orí Ìyá Aláṣọ.

Ẹ̀rọ náà kò parẹ́ láyé. Ní 2016 wọ́n gba àpò kan láyè, tí wọ́n ń ká wọ inú ikùn, tí wọ́n ń tú sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń gbé ẹran náà sí, kí ó jẹ́ pé inú àpò ni wọn yóò ti gé e, kí èérún má baà jáde. Ní 2020 FDA tún tẹnu mọ́ ọn pé àfi nínú àpò, àfi lára ẹni tí ó yẹ. Ọ̀rọ̀ àpò yìí yé mi gan-an, nítorí ìyá mi ta gààrí rí, kò sì jẹ́ dà á láti inú ọ̀kan sí èkejì láìtẹ́ ọ̀rá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni, tàbí tí a bá fura, a kì í gé ilé ọmọ náà rárá. Odidi ni ó gbọ́dọ̀ jáde.

Irin kan tún wà tí àwọn dókítà ń bá ara wọn jiyàn lé lórí títí di òní. Kí wọ́n lè máa yí ilé ọmọ sọ́tùn-ún sósì bí wọ́n ti ń gé e, wọ́n máa ń ti ọ̀pá kan gba ojú ara obìnrin wọ inú rẹ̀, wọn a sì fẹ́ bàlúù kékeré tí ó wà lórí rẹ̀ kí ó má baà yọ. Àwọn dókítà ní ilẹ̀ Sípéènì kó àkọsílẹ̀ obìnrin 2,661 jọ láti ilé ìwòsàn 15, àwọn tí jẹjẹrẹ wọn dà bí ẹni pé kò tíì jáde kúrò nínú ilé ọmọ. Èsì náà jáde ní 2021. Lára àwọn tí wọ́n fi ọ̀pá náà ṣe tiwọn, àrùn padà sí bí 12 nínú 100; lára àwọn tí wọn kò fi ṣe tiwọn, bí 7. Àwọn ìwádìí mìíràn kò rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà n kò ní wí pé dókítà tí ó bá lò ó ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó ní kí a má bi í léèrè.

Ẹ má sì ṣe da inú ilé ọmọ pọ̀ mọ́ ẹnu ilé ọmọ. Jẹjẹrẹ ti ẹnu ilé ọmọ, tí ó pọ̀ ní ilẹ̀ wa púpọ̀, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ní 2018, Dókítà Pedro Ramirez àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde láti ilé ìwòsàn 33 káàkiri ayé, lórí obìnrin 631. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin àbọ̀, bí 96 nínú 100 àwọn tí a la ikùn wọn ni àrùn kò padà sí lára. Àwọn oníhò jẹ́ 86. Ọ̀rọ̀ náà ya àwọn dókítà lẹ́nu, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì padà sí ikùn lílà. Bí ẹnikẹ́ni bá wí fún yín pé ihò sàn ju lílà lọ nínú ohun gbogbo, ẹ bi í bóyá inú ni tàbí ẹnu.

Ẹ̀yin ará Alaba tí ẹ ń ta wáyà, èyí tí ó kù yìí yóò tètè yé yín. Àwọn irin tí iná ń gbà inú wọn kọjá, rọ́bà ni a fi bò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, àfi ẹnu wọn nìkan. Bí rọ́bà náà bá sán níbì kan nítorí pé a ti lò ó jù, iná yóò gba ibẹ̀ yọ, yóò jó ìfun láìjẹ́ pé kámẹ́rà rí i. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni inú rírun àti ibà yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́. Nítorí èyí ni ó fi yẹ kí a máa yẹ irin wọ̀nyí wò kí a tó lò wọ́n, kí a sì máa ka gbogbo irin àti gbogbo owú kí a tó rán ojú ọgbẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé tilẹ̀ gbé ìwé kan jáde ní 2008 tí àwọn oníṣẹ́ abẹ yóò máa ka sókè síra wọn nínú yàrá iṣẹ́, kíkà irin sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní ìlú mẹ́jọ, ikú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ dín láti 1.5 nínú 100 sí 0.8.

Ẹ̀yin lè wí pé ta ni àwa láti máa bi dókítà léèrè. Òfin ni ó fún yín láyè. Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ti 2014, ní apá kẹtàlélógún, sọ pé ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn gbọ́dọ̀ sọ fún un bí ara rẹ̀ ti rí, irú àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tí ó wà, àǹfààní wọn, ewu wọn àti iye owó wọn; bí ó bá sì ṣeé ṣe, kí ó sọ ọ́ ní èdè tí aláìsàn gbọ́. Ìyẹn ni pé Ìyá Aláṣọ lè fi Yorùbá bèèrè, kí wọ́n sì fi Yorùbá dá a lóhùn. Bí dókítà kò bá gbọ́ Yorùbá, nọ́ọ̀sì kan yóò gbọ́.

Ohun tí ó ṣe gan-an nìyẹn. Ilé ìwòsàn ìjọba ni a bá a lọ, ìyàwó mi àti èmi. Wọ́n kọ́kọ́ mú díẹ̀ lára ilé ọmọ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi retí èsì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí n kò lè wo ojú Ìyá Aláṣọ dáadáa. Jẹjẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú ilé ọmọ, kò tíì jáde.

Dókítà náà kò ju ọmọ tí Ìyá lè bí lọ. Ìyá jókòó níwájú rẹ̀, ó tún gèlè ṣe, ó ní, "Dókítà, ọmọ mi, ṣé odidi ni yóò jáde, àbí ẹ fẹ́ gé e nínú mi?" Dókítà wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Mà, odidi ni." Ó ní nítorí pé ìju wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú lóòótọ́, ó ti tóbi jù kí ó gba ìsàlẹ̀ jáde, àwọn yóò la ikùn. Ìyá bèèrè iye ọ̀sẹ̀ tí òun kò ní lè gbé igbá aṣọ. Dókítà ní mẹ́fà. Ibẹ̀ ni omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò sunkún nígbà tí ó gbọ́ pé jẹjẹrẹ ni o, ọ̀rọ̀ ìsọ̀ ni ó pa á lẹ́kún.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó wà ní LASU ni ó bá a jókòó ti ọjà ní gbogbo ìgbà tí kò bá sí kíláàsì. Oníbàárà mélòó kan lọ, mélòó kan dúró. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ kò tíì dá owó àsansílẹ̀ padà títí di bí mo ti ń kọ èyí, lẹ́yìn ìrìn àjò ẹ̀ẹ̀mẹ́rin.

Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni Ìyá Aláṣọ ń lọ kí dókítà rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá, mo gba iwájú ìsọ̀ rẹ̀ lọ wọ ọkọ̀, ó pè mí. Mo rò pé ó fẹ́ dúpẹ́. Ó ní, "Tíṣà, ọ̀pá léèsì mẹ́ta tí ìyàwó yín gbé nígbà Kérésìmesì, ìgbà wo ni ẹ fẹ́ san án?"